Wọ́n ní tálákà ò pọ̀ l'Ọ́ṣun. Ta ni wọ́n kà?

ỌmọÒròkí · Ọjọ́bọ̀, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ìṣirò kan ni mo rí tí kò jẹ́ kí n sùn. Lọ́dún 2020, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ (NBS) gbé ìwé jáde pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mẹ́jọ-àbọ̀ péré ni tálákà. Èkó àti Delta nìkan ló sàn jù wá lọ. Ní Sókótó, ó lé ní 87. Mo ní háà, àṣé a ti là, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ọjọ́ kejì ni mo gba ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo kọjá. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí màmá mi ti ń ra ata lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Mo dé ìdí àtẹ, àtẹ wà, ata wà, ìyá ò sí. Mo pè wọ́n. Ohùn kan dáhùn láti abẹ́ tábìlì: "Rọra, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ti lọ?" Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ká jọ sábẹ́ tábìlì, wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì borí. Àwọn tó ń gba owó gbọ́mú-lé-láńtà, ẹ̀yáwó tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni wọ́n ń sá fún.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé inú mẹ́jọ-àbọ̀ yẹn ni ìyá yìí wà, àbí inú àwọn tó kù? Kí ló sì ń sọ ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí di ẹni tó ń sápamọ́ sábẹ́ àtẹ ara rẹ̀?

Atẹ́lẹwọ́Ẹni · 8:31 alẹ́

Ọ̀rọ̀ mi lè má dùn létí o. Ìdajì òṣì ìlú yìí, àfọwọ́fà ni. Ẹ jáde lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ wo iye kánópì tí wọ́n ń ta láti Òkè-Baálẹ̀ dé Kẹ́lẹ́bẹ̀. Ẹni tí kò rówó ilé-ìwé ọmọ san ló ra aṣọ ẹbí, ló ra gèlè, ló tún ń náwó fún onílù. Bó bá di Mọ́ńdè, á ní ìjọba ló sọ òun di akúṣẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù láàárọ̀, fóònù lálẹ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, fokanáísà ni mí ní Ọláìyá. Mi ò kàwé kọjá mọ́dà, ilé-ìwé tó ń tẹ̀ lé pámárì láyé àtijọ́. Mo ti kọ́lé méjì. Atẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ.

Sisí_Alékúwodò · 8:33 alẹ́

Ilé méjì nídìí táyà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ń gba ọmọ iṣẹ́?

Oníṣirò · 9:02 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká tú ìṣirò yẹn wò ná, torí òun ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

NBS ò purọ́. Ìlà ni wọ́n fà sílẹ̀. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ lọ́dún kò bá tó ₦137,430, òun ni tálákà lójú ìwé yẹn. Ẹ fi 365 pín in, ₦376 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lójúmọ́ ni. Ẹni tó bá ń ná ₦380 lójúmọ́ lọ́dún 2019, oúnjẹ, aṣọ, owó ọkọ̀, oògùn, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ó ti fo ìlà nìyẹn, kì í ṣe tálákà mọ́. Ẹni tó fi ìka ẹsẹ̀ dúró lórí ìlà àti ẹni tó ní ilé epo mẹ́ta, ojú kan náà ni ìwé yẹn fi wò wọ́n.

Lóṣù karùn-ún ọdún 2023 wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan fò kọjá ₦500, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti lé ní ₦1,000. Ọkọ̀ kọrópe gbé owó gorí owó, gàrí tẹ̀ lé e. Ẹni tó fi ìka ẹsẹ̀ dúró ti jábọ́, kò sì sí ohun tó yí padà nínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àjọ yẹn kan náà ló tún kà wá lọ́dún 2022, lọ́nà mìíràn. Wọn ò béèrè iye tí o ná mọ́. Wọ́n ní: kí lo fi ń dáná? Omi wo lò ń mu? Irú ilé ìyàgbẹ́ wo lo ní? Ṣé ọmọ ẹ ń lọ sílé-ìwé? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà, 63 nínú ọgọ́rùn-ún, ló wà nínú òṣì. Ìyá aláta yẹn, bó bá jẹ́ igi ni wọ́n fi ń dáná, tó jẹ́ kànga aládùúgbò ni wọ́n ń fà, wọ́n ti gba àmì òṣì méjì láìtíì débi owó.

Tíṣà_Àtijọ́ · 9:40 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ojú mi ò ríran dáadáa lórí fóònù yìí, bí mo bá ṣi lẹ́tà tẹ̀, ẹ fojú fò ó.

Ìlú yìí kì í ṣe ìlú òtòṣì láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo, kó tó gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Kòkó àti ekùrọ́ ń gorí ọkọ̀, àwọn òyìnbó oníṣòwò pàgọ́ sí Station Road. A kì í ṣàdédé pe Òṣogbo ní ìlú aró, wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra aṣọ wa. Nígbà tó yá, láàárín ọdún 1980 sí 1990, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ irin mẹ́ta sílẹ̀, Òṣogbo, Jos àti Katsina. Ilé-iṣẹ́ irin Aladja ní ìpínlẹ̀ Delta ìsinsìnyí ló yẹ kó máa fi irin ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n fi iná mú un rọ̀, kí wọ́n fà á. Irin ò wá déédéé, ẹ̀rọ ń dákẹ́, lọ́dún 2005 wọ́n ta ti Òṣogbo.

Ẹ máa rò pé àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n pàdánù. Rárá o. Ìyá tó ń se ìrẹsì fún wọn lẹ́nu géètì pàdánù. Télọ̀ tó ń rán kaki wọn, onílé tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn, tíṣà lẹ́sìnnì tó ń kọ́ ọmọ wọn. Mo mọ àdúgbò kan tó jẹ́ pé ọdún méjì péré ni gbogbo ìsọ̀ ibẹ̀ fi tì.

Ìlú di olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ́dún 1991, owó oṣù ìjọba wá gba ipò ilé-iṣẹ́. Ọjọ́ tí álẹ́ẹ̀tì bá wọlé lọjà ń kún. Láàárín 2015 sí 2018 tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gba àbọ̀ owó oṣù, ọ̀sán gangan lẹ ó bá ọlọ́jà tó ń sùn lórí àtẹ l'Orísunbáre. Fokanáísà, ọmọ mi, ọ̀lẹ kọ́ ló ń sùn. Oníbàárà ni kò sí.

Aláró_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun · 10:05 alẹ́

Ẹ ṣé, bàbá wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn ló gún mi lára.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe, iṣẹ́ ìyá mi, iṣẹ́ ìyá ìyá mi. Sódà ti jẹ ìlà orí ìka mi. Nígbà tí mo lọ ṣe NIN, ọmọdékùnrin yẹn ní kí n tẹ̀ka, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n nu ọwọ́. Mo nù ún. Ó fún mi ní ọṣẹ, mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo tẹ̀ka, ó wá ní, "Mummy, ẹ ò ní ìka." Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé ni mo tó sunkún.

Bí mo ṣe ń rẹ aṣọ tó, tí mò ń fi àbẹ́là ya ọnà sí i, tí mò ń sá a, tí mò ń bọ ìda kúrò nínú omi gbígbóná, ayédèrú rẹ̀ ń bọ̀ láti Ṣáínà nínú kọ̀nténà. Ọnà wa gan-an ni wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́rọ. Owó tí wọ́n ń ta ọ̀pá márùn-ún tiwọn kò tó owó tí mo fi ra aṣọ funfun, kí n tó kan aró. Oṣù kẹjọ tí àwọn àlejò bá wá sọ́dún Ọ̀ṣun ni mo ń rí owó gidi mú. Oṣù mọ́kànlá yòókù ńkọ́?

Apẹja · 10:11 alẹ́

Ọ̀ṣun lẹ dárúkọ yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá òkè odò lomi ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Mo ti gbé àwọ̀n kọ́ ògiri. Mò ń gun ọ̀kadà.

Elépo_ỌjàỌba · 10:48 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí èmi ni mò ń tà fún tálákà, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25, ₦45,000 ni mo rà á lọ́jà tó kọjá. Ìgò 33 ló ń jáde nínú rẹ̀, ìgò kan bọ́ sí bíi ₦1,360 fún mi. Ẹni tó bá gbé ìgò wá, ₦1,500 ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà mi tó gbé ìgò wá kò tó nǹkan. Epo inú ọ̀rá ni wọ́n ń rà, ₦200, ₦200. Mo ní ọmọrí kan tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo máa ń fi ìka dí etí rẹ̀ kó má baà dà sílẹ̀. Ìgò kan ń di ọ̀rá mẹ́wàá. Ẹ kà á, ₦2,000 nìyẹn. Ọ̀rá ń gbowó, dídì ń gba àsìkò, ẹ má pè mí lólè.

Ìyàwó mánígà tó gbé odindi kẹ́ẹ̀gì sínú bútù, ìgò kan ò ju bíi ₦1,400 fún un. Obìnrin tó ń bá a fọṣọ, ₦2,000 ló fi jẹ epo kan náà, látinú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Bí afọṣọ yẹn bá jẹ ìgò mẹ́ta lóṣù, ₦6,000 ti lọ. ₦6,000 yẹn tó ìgò mẹ́rin. Ìgò kan ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kò sì mọ̀ pé ó sọnù. Bó bá tiẹ̀ mọ̀, kí ló fẹ́ ṣe? ₦500 lọkọ fi sílẹ̀ láàárọ̀, gàrí wà nínú ẹ̀, magí wà nínú ẹ̀.

Ẹ gbé e lọ sórí ọṣẹ, èédú, dátà fóònù, pámpásì ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tẹpo, mi ò tíì rí olówó tó ra epo mi lówó tí tálákà ń rà á.

Sisí_Alékúwodò · 10:52 alẹ́

Ìyá Elépo, ẹ ti ba oorun mi jẹ́. Epo inú ọ̀rá ni èmi náà ń rà.

Elépo_ỌjàỌba · 10:55 alẹ́

Gbé ìgò wá lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá san án.

Atẹ́lẹwọ́Ẹni · Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mi ò pè yín lọ́lẹ. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì dá mi lóhùn lórí òde àríyá.

Sisí_Alékúwodò · 6:47 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá àìsàn gbé àbúrò mi dè lóru. Owó tí a nílò lóru yẹn, kò sí báńkì tó fún wa, kò sí ìjọba tó fún wa. Àwọn ẹgbẹ́ màmá mi ló dá a jọ. Àwọn obìnrin tí màmá mi ń ra aṣọ ẹbí wọn, tí wọ́n ń lọ síbi òkú wọn, tí wọ́n ń gbé abọ́ fún. Ẹni tí kì í yọjú síbi tẹlòmíràn, ta ló fẹ́ ta gèlè lóru nítorí tirẹ̀? Ẹ ń rí ankara. Èmi ń rí owó tí màmá mi fi pamọ́ sára ènìyàn.

Àṣejù wà níbẹ̀ ṣá. Mi ò jiyàn.

Oníṣirò · 7:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Fokanáísà, ẹ dárí jì mí o, ilé méjì yẹn, ilẹ̀ ta ni?

Atẹ́lẹwọ́Ẹni · 7:58 àárọ̀

Ilẹ̀ bàbá mi. Pílọ́ọ̀tì méjì ni wọ́n pín fún mi.

Ó yé mi, ó yé mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Agbowó_tẹ́lẹ̀ · 1:30 ọ̀sán

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi gbowó fún ilé ayánilówó kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú.

Obìnrin márùn-ún á kóra jọ, wọ́n á dúró fún ara wọn. Ẹni tó bá yá ₦100,000, a óò yọ ₦10,000 kúrò, a ní owó ìfipamọ́ ni, a óò yọ ₦3,000 owó fọ́ọ̀mù àti káàdì. ₦87,000 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,200, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦124,800. Bí a bá tiẹ̀ dá ₦10,000 rẹ̀ padà níkẹyìn, èlé ₦27,800 ló san lórí ₦87,000.

Ẹ lè ní kò burú jù. Ṣùgbọ́n ₦87,000 yẹn kò pé lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Bó ṣe ń san án ló ń dín kù. Tó bá fi máa dé àárín, bíi ₦45,000 ló kù tó fi ń ṣòwò. Lórí irú owó bẹ́ẹ̀, ₦27,800 láàárín oṣù mẹ́fà ti lé ní ₦60 lórí ₦100. Ọjà ata wo ló ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Ata tó ń jẹrà!

Aago méje àárọ̀ la máa ń pàdé, lábẹ́ igi kan. Bí ẹnìkan ò bá dé, a kì í jẹ́ kí àwọn mẹ́rin tó kù dìde. Àwọn ni wọ́n máa lọ fà á wá, tàbí kí wọ́n san tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Mo rí ọ̀rẹ́ ogún ọdún méjì tí wọ́n ya aṣọ mọ́ra wọn lára lójú mi nítorí ₦5,200. Mo ti jókòó sí pálọ̀ obìnrin kan láti ọ̀sán títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ rẹ̀, kò ju ọdún mẹ́rin lọ, gbé omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀, torí wọ́n ti kọ́ ọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò nìyẹn. Mo mu omi náà.

Bí mi ò bá rí owó yẹn gbà, inú owó oṣù tèmi ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èmi alára ń jẹ alájọ ní gbèsè nígbà yẹn.

Tíṣà_Àtijọ́ · 2:44 ọ̀sán

Ohun tí Agbowó ṣàlàyé yìí, àwọn bàbá wa lórúkọ fún un. Dídógò ni. Olówó á rán ológò lọ sílé ajigbèsè, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìyẹ tó bá rí jẹ, adìyẹ ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé, títí ara ilé á fi dá owó jọ kí wọ́n lè rí i lé lọ.

Ìwọ̀fà náà wà. Ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tó ń bá a ṣe, èlé lásán nìyẹn. Ojú owó gan-an wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ọmọ mìíràn dàgbà sídìí rẹ̀. Ìgbà tí mo ka ₦5,200 yẹn, ìwọ̀fà ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìyàtọ̀ kan ni mo rí, adìyẹ agbo ilé ni ológò ń pa jẹ, torí náà gbogbo agbo ilé ló ń gbé gbèsè yẹn. Lónìí, aládùúgbò mẹ́rin tí wọ́n tòṣì bákan náà ló ń gbé e.

Olùkọ́_Kíláàsì4 · 4:10 ìrọ̀lẹ́

Àwọn ọmọdé lẹ ò tíì mẹ́nu bà. Ọmọ 41 ló wà nínú rẹ́jísítà mi. Lọ́jọ́ ọjà, bí mo bá rí 28, mo dúpẹ́.

Ọmọ kan wà tó máa ń sùn bí wọ́n bá ti wọlé láti bíréèkì. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ ò yá. Ẹ̀kọ ló ń kiri ní Gáréèjì Àtijọ́ láti aago márùn-ún ìdájí. Kò lè kọ 350 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Wọ́n ra ẹ̀kọ mẹ́ta, ₦150 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún ẹ ní ₦1,000," kí n tó pa ẹnu dé, ó ti ní ₦550. Wọ́n á ní kò mọ ìṣirò nínú ìdánwò, á fìdí rẹmi, á kúrò nílé-ìwé, yóò máa kiri ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ní kí wọ́n mú ₦100 wá, kì í wá rárá.

Aláìlórúkọ · 11:37 alẹ́

Torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbí ni mo fi ń kọ èyí.

Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́sàn-án. Kò sọ fún wa. Ó ń wẹ̀ láàárọ̀, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màmá mi lọ̀, ó ń gbé báàgì, ó ń jáde. Ó tó ọdún kan kí a tó mọ̀ pé abẹ́ igi kan nítòsí ojú irin ló ń jókòó sí títí di aago mẹ́rin. Àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń ta ayò.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò wá sílé mọ́. Ẹ mọ ohun tí àgbà ń wí: òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Màmá mi fi ìpàdé ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ ò dùn ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ra mọ́tò lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún. Kò sẹ́ni tó béèrè nínú ilé wa ibi tówó ti wá. Bàbá mi tó jẹ́ pé bí o bá mú bírò ẹlòmíràn wálé láyé ọjọ́un, á ní kí o lọ dá a padà lóru, òun ló fi mọ́tò yẹn lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi náà ò béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló san owó yunifásítì mi.

ỌmọÒròkí · Ọjọ́ Àìkú, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Aláìlórúkọ, mo ti ka tìẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá aláta lánàá. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi owó tí wọ́n yá ṣe. Kì í ṣe aṣọ ẹbí. Ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, àpẹ́ńdíìsì, owó ọjà lọ síbẹ̀. Wọ́n yáwó láti dá ọjà padà. Ọdún 2024 ni, tí kòkòrò jẹ oko tòmáàtì lókè Ọya, apẹ̀rẹ̀ kan di ohun tí apá wọn ò ká mọ́, wọ́n yá ti ẹlẹ́ẹ̀kejì láti fi san ti àkọ́kọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta láti fi san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Káàdì mẹ́ta ni wọ́n fà yọ nínú ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ìbàǹtẹ́ wọn. Wọn ò mọ̀wé. Àwọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n: yẹ́lò ni Túsìdeè, píńkì ni Wẹ́sìdeè, búlúù ni Tọ́sìdeè. Wọ́n fi ìka kan búlúù, wọ́n ní, "Eléyìí lọ́rọ̀ rẹ̀ le." Ọjọ́bọ̀ ni mo bá wọn lábẹ́ tábìlì.

Oníṣirò · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ìpínlẹ̀ yìí ní ètò adójútòfò ìlera fún aráàlú. Bí wọ́n bá ti wà nínú ẹ̀ kí àpẹ́ńdíìsì tó dé, ó ṣeé ṣe kí ọjà wọn má bọ́. Èló nínú àwọn ìyá ọlọ́jà ló ti gbọ́ nípa rẹ̀? Mo bi márùn-ún lónìí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan.

Sisí_Alékúwodò · 5:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi nọ́ḿbà àkáǹtì wọn ránṣẹ́.

Alábòójútó · 5:50 ìrọ̀lẹ́

A kì í kọ nọ́ḿbà àkáǹtì síbí o. Ẹ mọ òfin.

ỌmọÒròkí · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Wọn ò tiẹ̀ gbà. Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò ṣagbe rí, oníbàárà làwọn ń wá.

Atẹ́lẹwọ́Ẹni · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Apá ibo gan-an ni àtẹ yẹn wà ní Ìgbọ̀nà?

ỌmọÒròkí · Ọjọ́bọ̀, 1:12 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Mo ń bọ̀ láti Ìgbọ̀nà. Wọ́n ti fọwọ́ sí káàdì búlúù lónìí, ó ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Orí àpótí ni mo bá ìyá, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣa ata.

Fokanáísà kan, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí èédú, wá ra ata rodo àti tàtàsé ₦20,000 láàárọ̀. Ó sanwó, ó mú ẹ̀kúnwọ́ kan dání, ó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, ó gun máṣíìnì ẹ̀ lọ. Ìyá pariwo tẹ̀ lé e títí dé títì. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè ta ló fẹ́ jẹ ata tó kù.

Atẹ́lẹwọ́Ẹni · 1:15 ọ̀sán

Kí wọ́n tún un tà.